Ẹ Jẹ́ Ká Yéé Fi Ìwé Widal Ra Sípírò

Ẹ ò ní pẹ́ ní Wásinmi kí ẹ tó gbọ́ gbólóhùn náà: "Málaríà àti táífọ́ìdì ni." Ara ń gbóná? Málaríà àti táífọ́ìdì. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu? Málaríà àti táífọ́ìdì. Ẹni tó gun ọ̀kadà láti Pápálantó nínú oòrùn ọ̀sán, tí orí wá ń fọ́ ọ, òun náà, málaríà àti táífọ́ìdì. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ díẹ̀ ní láàbù, wọ́n á kọ O 1/160, H 1/80 sórí ìwé pélébé kan, ìwé yẹn á dé kẹ́míìsì, kẹ́míìsì á sì gbé sáṣẹ́ẹ̀tì sípírò kan lé e lọ́wọ́. Ó tán. Kì í ṣe Wásinmi nìkan o. Bó ṣe rí ní Ìtòrí nìyẹn, bó ṣe rí ní Abẹ́òkúta, bó ṣe rí ní Agége. Mo kàn ń fi Wásinmi ṣàpẹẹrẹ nítorí pé ibẹ̀ ni ilé wa.

Nígbà tí oògùn apakòkòrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tí a máa ń di ẹ̀bi rù ni ìyá tó ni kẹ́míìsì, tàbí aláìsàn tí kò lo oògùn ẹ̀ tán. Lójú tèmi, ìwé pélébé yẹn, ìyẹn èsì àyẹ̀wò Widal, ló yẹ ká kọ́kọ́ mú. Òun ló ń sọ ẹni tí kò ní táífọ́ìdì di oníbàárà sípírò. Bakitéríà ni mo ń kà fún oyè másítà, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára.

Ciprofloxacin lorúkọ sípírò ní kíkún. Ìdílé oògùn tí wọ́n ń pè ní fluoroquinolone ló ti wá. Ọmọ ìyá ẹ̀ ni ofloxacin tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Tarivid, àti levofloxacin. Ibi tí ìdílé yìí ti ṣẹ̀ wá máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ara chloroquine ni. Bẹ́ẹ̀ ni, chloroquine tó máa ń yún àwọn òbí wa lára bí ẹni tó jókòó sórí ilé èèrà. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe chloroquine ní Amẹ́ríkà, nǹkan mìíràn tún ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. George Lesher àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yẹ nǹkan ọ̀hún wò, wọ́n rí i pé ó ń pa bakitéríà, wọ́n tún un ṣe, ó di nalidixic acid. Ọdún 1962 nìyẹn. Àrùn ojú ìtọ̀ ni wọ́n ń lò ó fún jù, torí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì so fluorine mọ́ irú oògùn yìí, agbára ẹ̀ sì di ìlọ́po-ìlọ́po. Ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì ló mú ciprofloxacin jáde, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1987.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú bakitéríà dùn ún wò. Bí ẹ bá na DNA inú E. coli kan ṣoṣo tán, ó gùn ju milimítà kan lọ. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò náà fúnra ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún milimítà lọ. Ẹ ro bí wọ́n ṣe ká a mọ́ inú ibẹ̀. Ẹ wá mú okùn kànga tí wọ́n fi fọ́nrán méjì lọ́ pọ̀, kí ẹ gbìyànjú láti ya fọ́nrán méjèèjì sọ́tọ̀ láti àárín. Ṣé ẹ rí i pé iwájú á máa lọ́ pọ̀ sí i, títí á fi takókó? Wàhálà tí bakitéríà ń bá yí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ da DNA ẹ̀ kọ kó lè bí òmíràn. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ gyrase ló ń bá a yanjú ẹ̀: á gé okùn, á mú apá kan gba ojú ibi tó gé kọjá, á sì so ó padà. Sípírò á jẹ́ kó gé e, kò ní jẹ́ kó so ó. DNA á já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kòkòrò á kú. Ẹ́ńsáìmù tiwa èèyàn yàtọ̀ sí ti bakitéríà, ìdí nìyẹn tí oògùn náà fi ń pa wọ́n tí kì í fi í pa wá.

Báwo ni bakitéríà ṣe wá ń bọ́? Bakitéríà ò gbọ́n o, kò tiẹ̀ ní ọpọlọ. Iye ló fi ń bà wá. Nínú àìmọye mílíọ̀nù tó wà nínú ìfun èèyàn, ọ̀kan á ṣèèṣì ní àyípadà lẹ́tà kan ṣoṣo nínú jíìnì gyrA, ibi tí sípírò ti ń di gyrase mú á yí díẹ̀, oògùn ò sì ní lè dì í mú dáadáa mọ́. Bí sípírò ò bá wọ ìfun yẹn, àyípadà náà ò já mọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ tí sípírò bá wọlé tó pa gbogbo aládùúgbò ẹ̀ ni ilẹ̀ á ṣófo fún un. Á gbilẹ̀. Bí àyípadà mìíràn bá tún bọ́ sínú jíìnì parC, oògùn ò ní ràn án mọ́ rárá. Àwọn mìíràn ń gbọ́n oògùn dànù bí ẹni tó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó ń jò.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni qnr. Jíìnì tó ń ṣe protéènì tó ń dáàbò bo gyrase ni. Ọdún 1998 ni wọ́n kọ́kọ́ ròyìn ẹ̀, lára kòkòrò Klebsiella kan láti Alabama ní Amẹ́ríkà. Orí plasmid ló wà, ìyẹn DNA kékeré róbótó tí bakitéríà kan lè da kọ fún òmíràn, kódà kí wọ́n má jẹ́ irú kan náà. Bí ẹni fi Xender gbé fíìmù látorí fóònù kan sí òmíràn ni: tiẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ẹlòmíì ti ní in.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀ nípa tiwa wà. Láti àwọn ọdún 1980 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Lámíkànra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń yẹ E. coli inú ìgbẹ́ wò. Kì í ṣe ìgbẹ́ aláìsàn o. Àwọn tí ara wọn le ni. Lọ́dún 2011, òun, Iruka Okeke tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn báyìí, àti àwọn mìíràn tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú BMC Infectious Diseases, tó dáhùn ìbéèrè kan tó ń ru àwọn onímọ̀ lójú nígbà náà.

Ìbéèrè ọ̀hún rèé. Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí kan ròyìn pé àwọn rí E. coli tí sípírò ò ràn ní àwọn abúlé kan nínú igbó Guyana, ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù, níbi tí àwọn ará abúlé ò ti lo sípírò rí. Chloroquine ni wọ́n fura sí. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, torí mo ti sọ fún yín pé ẹbí ni oògùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí fún Nàìjíríà. Àwa tí a ti ń gbé chloroquine mì láti kékeré, ìran dé ìran! Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, a ti ba sípírò jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Wọ́n wá wo Ifẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Kó tó di 2005, àwọn E. coli tí agbára wọn pọ̀ díẹ̀ sí nalidixic acid ò tó mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí èyí tó borí sípírò. Bẹ́ẹ̀, chloroquine ń wọlé ń jáde ní gbogbo àsìkò yẹn. Sípírò wá dé. Lọ́dún 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àwọn tó borí ẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2009, 34.5 nínú ọgọ́rùn-ún E. coli tí wọ́n yẹ̀ wò ni ìdílé oògùn yìí ò ràn dáadáa mọ́, ìyẹn ju ẹyọ kan nínú mẹ́ta lọ. Mẹ́sàn-án ní àyípadà nínú gyrA àti parC. Mẹ́fà gbé qnrS1, ẹ̀dà kan náà, láìyàtọ̀.

Láàárín ọdún mélòó kan! Lára àwọn tí nǹkan kan ò ṣe!

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ka èyí, ẹ̀rù á bà wọ́n. Èmi kà á, mo mí kanlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé chloroquine ló fà á ni, ọ̀rọ̀ ti kọjá ọwọ́ wa. Sípírò ló fà á, bí a sì ṣe ń lo sípírò wà lọ́wọ́ wa. Ìbéèrè tó kù ni pé kí ló dé tí àwa tí a ò ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀ ń lo sípírò tó bẹ́ẹ̀?

Ibí ni mo ti ń padà sórí Widal. Georges-Fernand Widal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé àyẹ̀wò náà jáde lọ́dún 1896. Iṣẹ́ ńlá ni nígbà yẹn, ẹ má jẹ́ ká fi baba náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Widal kì í wá kòkòrò táífọ́ìdì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ara kó jọ láti bá kòkòrò jà ló ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá rí fijilánté lójú pópó ní aago méjì òru, ṣé ìyẹn ní kí ẹ mọ̀ pé olè wà ládùúgbò lóru òní? Ó lè jẹ́ ọdún tó kọjá ni olè wá, tí wọn ò sì tíì padà sílé. Ó lè jẹ́ ẹlòmíì tó fara jọ olè ni wọ́n rí. Ó sì lè jẹ́ ariwo lásán ló gbé wọn jáde. Bí Widal ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó ti ní táífọ́ìdì nígbà kan rí, tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, tó ti bá àwọn Salmonella mìíràn pàdé nínú oúnjẹ, tàbí tí málaríà lásán ń ṣe, gbogbo wọn ni Widal lè kọ nọ́ńbà fún. Níbi tí a ti ń mu omi kànga, ẹni tí ara ẹ̀ le koko lè gbé 1/80 tàbí 1/160 kiri lọ́dún lọ́dún. Bí ìwé ìṣègùn ṣe ní ká ṣe é ni pé ká gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà láàárín ẹ̀, ká sì wò ó bóyá nọ́ńbà náà fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin. Èmi ò tíì rí láàbù àdúgbò tó ní kí ẹnikẹ́ni padà wá.

Àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò náà fúnra ẹ̀ ni kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò oúnjẹ bakitéríà, kí wọ́n wò ó bóyá nǹkan á hù. Ó lówó lórí, ó ń gba ọjọ́ mélòó kan, ẹ ò sì lè ṣe é ní Wásinmi. Òun náà ò péye: nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní táífọ́ìdì lóòótọ́, nǹkan bí ọgọ́ta ló máa ń rí. Àmọ́ bó bá hù, ẹ ti mú olè gan-an, ẹ sì lè dán oògùn wò lára ẹ̀ kí ẹ mọ èyí tó ń pa á.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti sọ ọ́ fún mi. Nọ́ọ̀sì ni, ìlera alábọ́ọ́dé ló ń ṣe, ní irú ibi tí dókítà kì í dé lójoojúmọ́. Ó ní, "Ìwọ ń sọ̀rọ̀ láàbù. Bí mo bá ní kí ìyá oníyàá máa lọ sílé láìfún un ní nǹkan kan, kẹ́míìsì tó wà lójú títì ló máa yà sí. Bó bá wá jẹ́ táífọ́ìdì ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ." Òótọ́ sì ni. Táífọ́ìdì wà, ó sì ń pani. Ó lè lu ìfun ọmọdé, kí wọ́n sáré gbé e lọ sí Abẹ́òkúta fún iṣẹ́ abẹ. Ọmọ yẹn gan-an ni mo ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Òun ni oògùn ò ní ràn, torí pé àwa tí orí ń fọ́ ti lò ó tán.

Mo yẹ nóòtù farmakọ́lọ́jì tí ẹ̀gbọ́n mi kọ nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wò. Fluoroquinolone gba ojú ewé méjì ààbọ̀, ohun tó dáa ló sì wà níbẹ̀. Kí aláìsàn má fi mílíìkì mu ún, kó má gbé e mì pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí oògùn ọgbẹ́ inú tó ní magnesium tàbí aluminium, torí wọ́n á so mọ́ oògùn náà, kò ní wọnú ẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Kí wọ́n ṣọ́ iṣan ńlá tó wà lókè gìgísẹ̀, ó lè já, pàápàá lára àgbàlagbà àti ẹni tó ń lo prednisolone. Kí wọ́n ṣọ́ra fún aláboyún, ọmọdé, àti ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, torí ṣúgà ara ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ìtakò oògùn? Ìlà kan ṣoṣo, ní ìsàlẹ̀ pátápátá: "lè ṣẹlẹ̀". Ṣé ẹ rí i? Èyí tó kan gbogbo ìlú ló gba ìlà kan.

Àwọn ìlú mìíràn ti ń fọwọ́ lé oògùn yìí o. Ní oṣù kìíní 2024, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní fluoroquinolone àyàfi bí oògùn apakòkòrò mìíràn ò bá yẹ fún un, nítorí àwọn ìpalára tó lè pẹ́ lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sí ìsọ̀rí àwọn tó yẹ ká máa ṣọ́. Levofloxacin tó jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ tí àwọn oògùn àkọ́kọ́ ò ràn mọ́. Ní tiwa, wọ́n ń tà á láìbéèrè ọjọ́ orí ẹni. Trovan tí Pfizer dán wò lára àwọn ọmọdé ní Kano lọ́dún 1996, ìdílé yìí kan náà ló ti wá, àmọ́ ìyẹn tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Òfin ò tiẹ̀ gba kẹ́míìsì láyè láti ta oògùn apakòkòrò. Gbogbo wa la mọ̀ bí ìyẹn ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá ti gbogbo kẹ́míìsì pa lọ́la, ẹni tí ara ń ro á kàn wọ kórópe lọ rà á níbòmíràn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbájú mọ́ Widal. Bí ìwé yẹn ò bá sí, nọ́ọ̀sì á ní láti béèrè ọ̀rọ̀. Ọjọ́ mélòó ni ara ti ń gbóná? Ṣé ó ń lọ ó ń bọ̀ ni, àbí ńṣe ló ń gòkè lójoojúmọ́? Ṣé inú ń rún un? Á fi àyẹ̀wò málaríà onílẹ̀kẹ̀ẹ̀jẹ̀ kan yẹn, èyí tó ń fi ìlà hàn láàárín ogún ìṣẹ́jú, bẹ̀rẹ̀. Bó bá fi málaríà hàn, á wo málaríà, á dúró níbẹ̀. Bí kò bá sí málaríà, tí ibà náà sì ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ táífọ́ìdì tó wọlé, ìgbà yẹn ló sì yẹ kí aláìsàn náà gbéra lọ sí Abẹ́òkúta níbi tí wọ́n á ti gbin ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ́ àti àṣẹ láti sọ pé "kò sí sípírò lónìí, ẹ padà wá lọ́tùúnla kí n wò yín". Kì í ṣe aláìfúnni-ní-nǹkan-kan nìyẹn.

Ní ti "lo oògùn ẹ tán" tí gbogbo èèyàn ń kọ, mi ò ní kí ẹ dá oògùn tí dókítà kọ fún yín dúró fúnra yín o. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ kan ní Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú BMJ pé ẹ̀rí ò sí pé dídá oògùn dúró kó tó tán ló ń bí ìtakò. Lílò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ló ń fún kòkòrò láyè. Ẹ wá ro ẹni tí kò yẹ kó lò ó rárá, tó sì lò ó tán fún ọjọ́ méje.

Ẹ ò tún gbọ́dọ̀ gbàgbé adìẹ. Ìpínlẹ̀ Ògùn kún fún ọgbà adìẹ, enrofloxacin tí wọ́n ń pò mọ́ omi adìẹ sì jẹ́ fluoroquinolone; nínú ara ẹran, apá kan ẹ̀ ń yí padà di ciprofloxacin gan-an. Amẹ́ríkà fòfin de lílò ó fún adìẹ lọ́dún 2005.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló kan E. coli inú ìgbẹ́ pẹ̀lú táífọ́ìdì, ṣebí kòkòrò ọ̀tọ̀ ni. Ìdáhùn ẹ̀ wà ní Pakistan. Láti ọdún 2016, ní ìpínlẹ̀ Sindh, táífọ́ìdì kan jáde tí sípírò ò ràn, tí abẹ́rẹ́ ceftriaxone ò ràn, tí àwọn oògùn àtijọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fi ń wò ó ò sì ràn. Nígbà tí wọ́n ka DNA ẹ̀, wọ́n bá plasmid kan níbẹ̀ tó jọ ti E. coli, qnrS sì wà lórí ẹ̀. Irú jíìnì tí wọ́n rí nínú ìgbẹ́ àwọn èèyàn tí ara wọn le ní Ifẹ̀ ni. Azithromycin nìkan ló kù fún wọn nínú oògùn tí èèyàn lè fẹnu lò.

Ní kẹ́míìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, azithromycin ti wà lórí káńtà báyìí. Wọ́n ní ó lágbára ju sípírò lọ fún táífọ́ìdì. Ìwé Widal náà ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó gbé e fún èèyàn.